Ìjókòó àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn: ìgbà wo ni kí n fèsì, ìgbà wo ni kí n dákẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìbàdàn béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn ní yunifásítì, wọ́n sì ti rán wa lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kí a lọ fi ọwọ́ ara wa ṣe ohun tí a ti ń kà nínú ìwé. Ìbàdàn ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán mi lọ wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn àwọn ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo ti lò níbẹ̀. Mo ti bá ọmọ mẹ́ta sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti darí ìpàdé àwùjọ ọmọ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì. Alábòójútó wa ní kí a kọ ìjábọ̀ lórí ohun tí a ṣe àti ohun tí a rí kọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ọ́ ni ojú ń tì mí sí i.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá bá mi jẹ́ ọmọkùnrin kan ní SS2. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ tètè dìde, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì bọ́ sí ti áàtì, ṣùgbọ́n bàbá òun kò gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí pé dókítà ni bàbá òun fẹ́ kí òun dà. Kò tíì sọ̀rọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ jókòó fún ìdánwò JAMB nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì, pé ẹni tó bá bọ́ sí áàtì lónìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yẹn, àti pé ẹ̀kọ́ àfikún ìrọ̀lẹ́, ìyẹn lẹ́sìn, wà fún ẹni tí iṣẹ́ bá le fún. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ. Ó ní, “Ẹ ṣeun, mà,” ó dìde, ó sì lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìjókòó náà yọrí sí rere. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì tí a jọ fi àdéhùn sí, n kò rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, ẹni tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ fún, pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láti sáà tó kọjá, pé gáréèjì ni ọmọ náà ti ń bá ìyá rẹ̀ ta búrẹ́dì títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò sí àkókò fún lẹ́sìn, kò sì sí owó rẹ̀. Olùkọ́ náà bi mí pé, “Ǹjẹ́ ẹ bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìsinsìnyí ló fẹ́ kúrò?” N kò bi í.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe pinnu pé n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin kan wá bá mi lórí ìjà tó wà láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo ṣe bí ìwé ti wí: mo ń tún ohun tó sọ sọ fún un, mo ń sọ pé, “Ó dà bí ẹni pé inú rẹ bàjẹ́,” mo sì ń dákẹ́ kó lè rí àyè ronú. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kejì, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà. N kò mọ ohun tí mo sọ tó dùn yín.” Ó rò pé mo ń bínú sí òun!

Ti àwùjọ ló wá burú jù. Ẹ̀rù ìdánwò ni kókó ọ̀rọ̀ wa. A to àga yípo nínú yàrá ìkàwé, mo sì sọ ní kúkúrú pé ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Ìpàdé àkọ́kọ́ tutù bí omi inú àmù, nítorí pé ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni gbogbo wọn ń wò kí wọ́n tó lanu. Ní ìpàdé kejì, ọmọkùnrin kan ṣí ọkàn payá pé òun ti tún SS1 ṣe rí ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ọwọ́ òun fi máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá ti pín ìwé ìdánwò. Àwọn méjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín músẹ́, kí n má parọ́ fún yín, kí ara lè tu gbogbo wa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, “Bàbá Rìpíìtì” ti di orúkọ rẹ̀ ní gbogbo SS2.

Ìbéèrè mi rèé: ìgbà wo gan-an ló yẹ kí olùdámọ̀ràn fèsì, ìgbà wo ló sì yẹ kó dákẹ́, láàárín àwọn ọmọ tiwa tó jẹ́ pé torí ìdáhùn ni wọ́n ṣe wá bá àgbà? Àti pé kí ni mo lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kó tó di ìpàdé kẹta?

Ìyá-Olùdámọ̀ràn fèsì pé:

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀rín músẹ́ tí ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ yẹn sì ni ohun tó mú kí n gbà pé iṣẹ́ náà yóò yẹ yín.

Ẹ wo orúkọ tí à ń pe iṣẹ́ náà ní èdè wa. A ń gba ènìyàn ní ìmọ̀ràn. Orúkọ yẹn ti dáhùn kí oníbàárà tó jókòó (n kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, “oníbàárà”, ó ń mú mi rántí ọjà, ṣùgbọ́n n kò rí òmíràn). Bákan náà ni iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 1959, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, níbẹ̀ ní Ìbàdàn yín, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà pe àwọn ọ̀mọ̀wé láti ẹnu iṣẹ́ oríṣiríṣi kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin 60 tó wà ní kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Ọmọ 54 nínú wọn rí iṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Àlàyé ni. Nítorí náà, ẹ má fi ara yín bú pé ẹ ṣàlàyé JAMB fún ọmọ. Ẹni tí kò mọ̀ pé kẹ́mísìrì jẹ́ dandan fún ìṣègùn nílò kí ẹnìkan sọ fún un, a kò sì lè fi “báwo ló ṣe rí lára rẹ” rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti kùnà ni pé ẹ fèsì kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ẹni tó gbọ́ ìdajì ẹjọ́ ẹnìkan, tó sì dá a, burú ju ìyẹn lọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ọmọ máa ń mú wá kì í sábà jẹ́ ohun tó gbé e wá. Ẹ̀bùn àbẹ̀wò ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé obì lọ sílé àgbà kó tó sọ ohun tó fẹ́. Bí ẹ bá rí ọmọ tó sọ pé òun fẹ́ yí kíláàsì padà, ẹ ní kó ròyìn ọjọ́ kan fún yín láti ìgbà tó jí títí di ìgbà tó sùn. Gáréèjì ì bá ti jáde nínú ìròyìn yẹn láìjẹ́ pé ẹ wá a.

Ní ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọmọ yẹn kò ṣìnà. Nílé wa, bí àgbà bá dákẹ́ tó ń wo ọmọ, ọmọ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ni àgbà ń kà lọ́kàn. Èmi a máa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, “Bí mo bá dákẹ́, mo ń gbọ́ ọ ni o, kì í ṣe pé mo ń bínú.” N kì í jókòó kojú ọmọ gan-an; ìgun tábìlì ni mo máa ń fi sáàárín wa, kí ojú rẹ̀ lè rí ibi tó máa wò. Àwọn ìwé tí ẹ̀ ń kà yóò ní kí ẹ wo ẹni náà lójú. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò ní wo olùkọ́ lójú, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé ó ń fi nǹkan pa mọ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Rìpíìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kó tó di ọ̀rọ̀ àwùjọ. Ẹ pe ọmọ náà ní òun nìkan. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ̀rín yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ dàgbà jù ú lọ, kí ẹ sì bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà nínú àwùjọ tàbí kò fẹ́. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ ṣe. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀ ná, ẹ kò sì lè kó o jọ, ṣùgbọ́n ẹ lè jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé ẹ rí i nígbà tó fọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn gbé òfin àṣírí kalẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, kí wọ́n sì sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó bá rú u san. Ẹnu yín nìkan ni ẹ lè ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú àwùjọ. Ẹ kò lè ṣèlérí ẹnu ọmọ mẹ́jọ.

Ọmọ-Odò-Ọnà-ní-Manchester fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n takò yín díẹ̀. Èmi náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìlú Ọba ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ẹ̀kọ́ tí BACP, ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ìlú Ọba, fọwọ́ sí níbí máa ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ó kéré tán 100 wákàtí pẹ̀lú àwọn tó wá gba ìrànlọ́wọ́, lábẹ́ àbójútó, kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Mo ti lo mọ́kànlélógójì.

Ohun tí mo rí ni pé ìmọ̀ràn tí a bá fún ènìyàn kì í di tirẹ̀. Bó bá yọrí sí rere, yóò padà wá gba òmíràn. Bí kò bá yọrí, ẹjọ́ wa ni. Ní 1957, Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ka ohun mẹ́fà tó gbà pé ó tó láti mú kí ènìyàn yí padà, kò sì sí ìmọ̀ràn nínú wọn: kí olùdámọ̀ràn jẹ́ olóòótọ́ sí ohun tó wà nínú ara rẹ̀, kó tẹ́wọ́ gba ẹni tó wà níwájú rẹ̀ láìfi ohunkóhun dè é, kó sì fi ojú ẹni náà wo ayé, wà lára wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé àwọn òyìnbó ló yẹ. Ìgbà tí mo wá jókòó níwájú ìyá àgbàlagbà kan láti ilé wa ni mo tó mọ̀ pé ọ̀nà tí mo gbà ń lò ó ni kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára ni mo ń sọ. “Ó dà bí ẹni pé inú rẹ bàjẹ́” tí Akẹ́kọ̀ọ́-Ìbàdàn sọ yẹn, gbólóhùn òyìnbó tó wọ agbádá ni. Àwọn ènìyàn wa kì í sábà dárúkọ ìmọ̀lára báyìí. Ara ni wọ́n fi ń sọ ọ́: àyà mi ń já, ọkàn mi kò lélẹ̀, orí mi gbóná, inú mi ń ru, ara mi bù máṣọ. Ìyá yẹn sọ fún mi pé, “Ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ gbé mi wọ ilé yẹn mọ́.” Bí mo bá fèsì pé ó ń bẹ̀rù ilé rẹ̀, mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà di kékeré. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ẹsẹ̀ yín kò fẹ́ gbé yín,” mo sì dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi sọ̀rọ̀ láìsinmi. Ó sì yẹ kí n fi kún un pé ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ń dáhùn “hẹ̀n-ẹ́n”, “ẹ̀n-ẹ́n”, bí ọmọ ilé wa ti máa ń ṣe bí àgbà bá ń sọ ìtàn. Nígbà tí mo gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú alábòójútó mi, ó bi mí ìdí tí mo fi ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀! Mo ṣàlàyé pé bí n kò bá dáhùn báyẹn, ìyá náà ì bá ti rò pé mo ti sùn.

Nítorí náà, Akẹ́kọ̀ọ́-Ìbàdàn, n kò rò pé dídákẹ́ ni ó kó yín sí wàhálà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn. Ẹ dákẹ́ láìsí “hẹ̀n-ẹ́n” ni.

Ìyá-Olùdámọ̀ràn fèsì pé:

Mo gba ti “hẹ̀n-ẹ́n” yẹn, mo sì máa lò ó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá ọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìdánwò WAEC ń bọ̀ wá bá. Ọmọ tí fọ́ọ̀mù yóò tì mọ́ lẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì kò ní ọgọ́rùn-ún wákàtí, Ọmọ-Odò-Ọnà.

Ẹni-tó-ti-jókòó-síbẹ̀-rí fèsì pé:

Èmi kì í ṣe olùdámọ̀ràn, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ ọmọ tí wọ́n ní kó lọ rí olùdámọ̀ràn. Ọ́fíìsì tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹnu ọ̀nà kan náà ni a sì ń gbà wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ó ti ṣẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ, mo sì parọ́ pé orí ló ń fọ́ mi. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ohun tí ẹ máa sọ, ẹ lọ dúró síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ wo àwọn tó ń wo ilẹ̀kùn yín.

Olùkọ́-Ìlọrin fèsì pé:

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Iṣẹ́ mi ni láti máa ka ìjábọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí irú èyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìjábọ̀ ni màá sọ.

Ohun tí mo máa ń rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ìwé ẹ̀rí ìwà rere tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ fún ara rẹ̀: “Mo fi ìfọ̀kànsí gbọ́ ọ, mo sì ràn án lọ́wọ́ láti rí ojútùú.” Irú ìyẹn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ẹ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó tó di pé oorun yí i padà, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ bó ti jáde lẹ́nu yín àti lẹ́nu ọmọ náà, gbólóhùn sí gbólóhùn, bí ẹ bá ti rántí tó. Ní apá ọ̀tún ìwé náà, ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yín nígbà tí ẹ sọ ọ́. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàyé JAMB yẹn, bí Akẹ́kọ̀ọ́-Ìbàdàn bá kọ òtítọ́, ohun tí a máa rí níbẹ̀ ni “ẹ̀rù ń bà mí kó má baà rò pé n kò mọ nǹkan kan.” Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fúnni ní ìjókòó àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ló ń fi tù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀lé e lọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn náà, ara rẹ̀ ló fi ń dáàbò bò. Bí ìyẹn bá ti hàn sí i, àríyànjiyàn tó wà láàárín Ìyá-Olùdámọ̀ràn àti Ọmọ-Odò-Ọnà kò ní fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú mọ́, nítorí pé ohun tí yóò máa bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni mo ń sọ èyí fún?

Lórí àwùjọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn láti mú Bruce Tuckman wá, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó sọ ní 1965 pé àwùjọ kékeré máa ń kọ́kọ́ kóra jọ, kí wọ́n wá forí gbárí, kí wọ́n fìdí òfin múlẹ̀, kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, ìforígbárí ni. Ẹ má fi ìyẹn wẹ ọwọ́. Bí ẹ kò bá fi ìjókòó àkọ́kọ́ ṣe òfin àṣírí, tí ẹ kò sì bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mú un wọ inú àwùjọ, ọwọ́ yín ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n mọ ààlà àṣírí láti ọjọ́ àkọ́kọ́: bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ pa ara rẹ̀ lára, tàbí pé ẹnìkan ń fi ìyà tàbí ìṣekúṣe jẹ òun, ẹ kò lè dá a mú mọ́ra. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fi ire ọmọ ṣáájú, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kí ó tó di pé ẹ nílò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìbàdàn padà wá, ó ní:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo kọ ìjábọ̀ náà tún, ní apá ọ̀tún àti apá òsì bí Olùkọ́-Ìlọrin ti wí. Ohun tí mo kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ JAMB kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ gan-an, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i: “Bí mo bá dákẹ́, yóò rí i pé ọmọ ilé-ìwé ni èmi náà.”

Mo pe ọmọ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rìpíìtì, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí títí, ó ní òun rí i nígbà tí mo rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ kí n mẹ́nu kàn án nínú àwùjọ, kò sì fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́. Mo gbà fún un. Àwọn méje tó kù ṣe òfin tiwọn ní ìpàdé kẹta. Ọ̀kan nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín ló dábàá pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ jáde ni yóò kọ́kọ́ sọ àṣírí tirẹ̀ lójú gbogbo wa. Àwọn yòókù ní ìyẹn ti le jù, wọ́n sì fi orí rẹ̀ tì sí pé kí ẹni náà fi àwùjọ sílẹ̀. N kò dá sí i rárá, àyàfi “hẹ̀n-ẹ́n”.

Mo dúró síta ọ́fíìsì náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ferese yàrá àwọn olùkọ́ ló dojú kọ ilẹ̀kùn wa. Mo ti tọrọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn yàrá ìkàwé, wọn kò tíì fún mi lésì.

Ọmọ tó ń ta búrẹ́dì, ẹnu géètì ni mo ti rí i. N kò pè é wá sí ọ́fíìsì. Mo ra búrẹ́dì méjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní gáréèjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo kí wọn, n kò sì sọ ohun tó pa èmi àti ọmọ wọn pọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọmọ náà sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀. Ó ní kì í ṣe pé òun kórìíra físíìsì, pé oorun ni. Mo ní, “Oorun ni,” mo sì dúró. Ọkọ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó wọ̀kan.